Ibi Tó Dùn Gan-an La Dé Yìí

Ní abúlé Slivarka, bí ẹnìkan bá fẹ́ dárúkọ olóògbé Radoy Kabov, kó tó parí orúkọ náà, ẹlòmíì á ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ, gbogbo èèyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ halva nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn ọkùnrin náà kó má bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Bó bá gbìyànjú ẹ̀, wọ́n á dá a padà.

Ọjọ́ Ìdáríjì ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó kángun sí àwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, nígbà tí òtútù ti ń múra àtilọ ṣùgbọ́n tí kò tíì di ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó kéré á lọ bá ẹni tó dàgbà jù ú lọ, á fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ dárí jì mí." Àgbà á ní, "Ọlọ́run dárí jì ọ́, èmi náà dárí jì ọ́." Gbogbo ìjà ọdún tán síbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni eré á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á so halva, ìyẹn nǹkan dídùn funfun tí wọ́n fi ṣúgà àti àsálà ṣe, mọ́ òwú pupa, wọ́n á fi kọ́ igi àjà, wọ́n á máa fì í kiri. Àwọn ọmọ á dúró yí i ká, ọwọ́ lẹ́yìn, ẹnu nìkan ni wọ́n á fi máa lé e. Ẹni tó bá fi eyín mú un ló ni oríire ọdún náà.

Gbọ̀ngàn Ilé Ìkàwé abúlé la ti ń ṣe é, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí pé ibẹ̀ ni sítóòfù ńlá tí wọ́n ń fi igi dáná sí kí ilé lè móoru wà. Ṣùgbọ́n kí halva tó dé, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sì ni Baba Radoy. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òṣùpá ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Gatyo, olórí abúlé, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á gùn, ló bá ti so halva sókè sílẹ̀ kí àkókò má bàa ṣòfò, ó fa òwú rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gatyo ò mọ okùn dì dáadáa, ẹ bi ewúrẹ́ rẹ̀ léèrè. Baba Radoy dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń dúró de reluwé, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, kí ni òṣùpá?" Ó la ẹnu gbàgà láti dá ara rẹ̀ lóhùn. Okùn Gatyo tú, halva fì wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì wọ ẹnu baba náà wẹ́kú.

Òwú pupa ń fì dirodiro lẹ́nu olùkọ́ wa. Nevyana, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó ti mú un," ló wí. "Ọwọ́ wọn sì wà lẹ́yìn."

"Baba Radoy," Gatyo bẹ̀ ẹ́, "ẹ tu ú jáde, ẹ jọ̀ọ́. Tàwọn ọmọdé ni."

Baba gbé ìka kan sókè pé ká ní sùúrù. Halva máa ń lẹ̀ mọ́ eyín bí àtè. Wọ́n wo agogo ara ògiri: ìṣẹ́jú méje gbáko ló fi jẹ ẹ́ láìsọ gbólóhùn kan, àwọn àgbà sì sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ Ilé Ìkàwé, kò tíì sí ìṣẹ́jú méje tó tuni lára tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, àmọ́ ọwọ́ Baba Radoy wà lẹ́yìn, ojú gbogbo abúlé ló ti jẹ tirẹ̀. Nígbà tó gbé e mì tán, ó nu irunmú rẹ̀.

"Òfin lòfin," ó ní. "Ẹnu ni mo fi mú un, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò tì mí. Èmi ni mo ni oríire ọdún yìí. Ẹ jẹ́ ká padà sórí òṣùpá."

Stoyna, ìyàwó rẹ̀, wà níwájú bó ti máa ń wà. "Radoy, o ò tiẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."

"Kò sí nínú òfin," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ẹyin bíbọ̀ ni wọ́n so fún àwọn ọmọ lọ́dún náà.

Ọ̀gá téṣàn reluwé wa ni Baba Radoy ní ìgbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Reluwé méjì ló ń gba Slivarka kọjá, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, láàárín méjèèjì kò sí nǹkan tí ọ̀gá téṣàn lè ṣe ju kó máa lé ewúrẹ́ Gatyo kúrò lójú irin. Nínú yàrá tí àwọn èrò ti ń dúró, ìwé ńlá mẹ́ta wà lórí pẹpẹ, wọ́n kọ gbogbo ìmọ̀ ayé sínú wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ibẹ̀ ni Radoy ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ó ti ka ìwé kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkùnrin kan tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó dé fìlà onírun, tó ní kí wọ́n yá òun ní ìwé kejì kóun fi pa ọ̀nà kúrú, òun á dá a padà tí òun bá ń bọ̀. Radoy yá a. Ọkùnrin náà wọ reluwé àárọ̀ lọ, a ò rí fìlà rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Látìgbà náà, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kìn-ín-ní àti ìkẹta, Baba Radoy mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Bí ẹ bá wá bèèrè ohun tó jẹ́ ti ìwé kejì, á fa irunmú rẹ̀, á ní, "Ìyẹn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí." Nígbà tó fẹ̀yìn tì pàápàá, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀, kó lọ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé. A rò pé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìdáríjì, gbogbo ayé ló ń dárí jì, àfi ọkùnrin onífìlà onírun. Àlùfáà bẹ̀ ẹ́ títí. Baba ní, "Kó dá ìwé padà ná."

Kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì wá bá òun pín ipò olùkọ́. Lọ́dún kan, dókítà ọ̀dọ́ kan wá láti ìlú ńlá láti bá wa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Baba Radoy jókòó síwájú, ó bi í ní ìbéèrè mẹ́rìnlá. Nígbà tó di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, dókítà ní òun ò gbọ́dọ̀ pàdánù reluwé ìrọ̀lẹ́, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì sá. Ó jókòó sínú reluwé tán, ó mí kanlẹ̀, kò sì yé e ìdí tí reluwé ò fi gbéra. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó rí baba kan tó na àsíá pupa sí awakọ̀.

"Dókítà," baba náà ní, "ìbéèrè ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ìgúnpá yín níbẹ̀ yẹn, ṣé òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni reluwé dúró. A ò rí dókítà yẹn mọ́, bóyá òun àti onífìlà onírun ti jọ ń gbé.

Bó ti wu kó rí, wàhálà tó wà nínú ọ̀rọ̀ Baba Radoy ni pé kì í tán. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó dúró síwájú wa, kò sẹ́ni tó láyà láti dá a dúró. Àwọn ọmọ sùn, bánítsa, ìyẹn àkàrà pẹlẹbẹ oníwàrà tí wọ́n yan, tutù nini, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ lọ wo ojú ọjọ́. Nígbà tó ku Stoyna nìkan lórí ìjókòó, Baba Radoy pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní kò sí ìdí tóun fi ní láti parí ọ̀rọ̀ fún ẹni tóun àti ẹ̀ jọ ń lọ sílé kan náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Zlatina dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe akọ̀wé Ilé Ìkàwé, kò ga, ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ó ní ojú tó ń rí ọmọ tí ebi ń pa. Nígbà tí agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí Baba Radoy ṣì ń ṣàlàyé bí oyin ṣe ń gbé inú ilé wọn nígbà òtútù, Zlatina fi ìdí ti ilẹ̀kùn, ó gbé tíréè wọlé, bánítsa lápá kan, halva lápá kejì, ó fi ṣíbí lu tíréè lẹ́ẹ̀mẹta.

"Baba Radoy, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Halva ti dé."

Gbogbo gbọ̀ngàn mí lẹ́ẹ̀kan náà, sítóòfù pàápàá fẹ́ kú. Baba Radoy bọ́ awò ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò wá bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ibi tó dùn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí."

Zlatina lọ fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ojú ń tì í. Baba fọwọ́ lé e lórí. "Ọlọ́run dárí jì ọ́, èmi náà dárí jì ọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ò ní gbọ́ ìparí rẹ̀ mọ́."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Bí agogo márùn-ún bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀kùn á ṣí, ṣíbí á dún, àwa á mí kanlẹ̀, awò á kúrò lójú, ibi tó dùn gan-an la máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A ò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ iyọ̀. A ò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ oorun. Ìtàn bọ́tìnnì aṣọ, ibi tí wọ́n ti fẹ́ so ó mọ́ aṣọ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún ni halva dé.

Baba Radoy ò sì jẹ́ ká gbàgbé. Bí ẹ bá tò síwájú ilé búrẹ́dì, á bá yín níbẹ̀. "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ bá ti mọ ìdí tí búrẹ́dì fi ń wú báyìí, àmọ́ bánítsa lẹ fẹ́ jẹ." Gatyo ló jìyà rẹ̀ jù. Ilé oyin mẹ́ta ló ní, òtútù sì ti pa méjì nínú wọn. Ó lọ bá Baba Radoy nílé, ó jókòó, ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí.

"Baba, ẹ ṣàánú mi. Kí ló fà á tí oyin àwọn ẹlòmíì kì í fi í kú nínú òtútù?"

"Háà, Gatyo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Inú ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ló wà."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí. Èmi nìkan ni."

"Ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ti gbogbo ìlú ni. Mi ò lè máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn."

Gatyo lọ gbé ìgò oyin kan wá látinú èyí tó ṣẹ́ kù. Baba Radoy gbà á, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dáa, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, ọ̀rọ̀ lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ni.

Ọdún kan wà tí yìnyín dí gbogbo ọ̀nà. Ó ga dé ojú fèrèsé. Kò sí ọmọ kankan tó lè jáde, àwọn baba mọ́kànlá tí ilé wọn sún mọ́ Ilé Ìkàwé nìkan ló rìn débẹ̀, torí pé igi tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ilé wọn lọ. Ilé Zlatina wà ní ìsàlẹ̀ abúlé, yìnyín ti dí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Baba Radoy bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lu, ilẹ̀kùn ò ṣí.

Àwọn mọ́kànlá yìí ti gbà fún Ọlọ́run. Wọ́n ní ó dára, ọdún yìí ni wọ́n á gbọ́ ìparí. Gatyo tiẹ̀ mú ìwé jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Radoy wo ilẹ̀kùn. Ó wú ikọ́. Ó lọ fi igi sínú sítóòfù tí kò bèèrè igi. Ó padà wá, ó sọ ìtàn àbúrò ìyá rẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ̀, ó tún ìtàn náà sọ, òógùn sì ń yọ lójú rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ó wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ló bá pa ìwé dé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó ní, "ṣé ẹ̀rí ọkàn yín gbà á, kí obìnrin kan ṣoṣo wà lábẹ́ yìnyín, kí ẹ jókòó sídìí iná, ẹ máa gbọ́rọ̀? Ẹ mú ṣọ́bìrì."

Àwọn mọ́kànlá wa yìnyín láti Ilé Ìkàwé dé ẹnu ọ̀nà Zlatina, Baba Radoy ló ṣáájú wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Nígbà tí Zlatina ṣí ilẹ̀kùn, ó bá a tó ń mí gule-gule, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ọmọ mi," ó ní, "kí ló dá ẹ dúró?"

Zlatina sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní irú àgbà wo nìyí, tí kò lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òun. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá fi dùn ún wọnú eegun. Ikọ́ ti ń bá Baba Radoy jà láti Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni bí ẹyẹ àkọ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé, àwọn àkọ̀ wa tó ń fò lọ sí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń padà sórí ihò èéfín kan náà lórí òrùlé. Kó tó wọ gbọ̀ngàn, ó pe Zlatina sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́dún yìí, Zlatina, má yára wọlé."

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Zlatina ní òun ti gbọ́. Ó sì fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ ọmọ láti ìlú ńlá wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ń gun aṣọ fèrèsé, ọ̀kan ti gé ẹlòmíì jẹ. Nígbà tí agogo lu, ẹsẹ̀ Zlatina gbé e lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó lu tíréè. Baba Radoy bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo Zlatina, kò sì sọ pé ibi tó dùn la dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nìkan. Kí Zlatina tó lè dá ìjà àwọn ọmọ nídìí halva, Stoyna ti fà á lápá lọ sílé nítorí ikọ́.

Zlatina ò rí i tọrọ ìdáríjì. Ó ní òun á lọ láàárọ̀. Láàárọ̀, wọ́n pè é láti ìlú Plovdiv pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rọbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé ìrọ̀lẹ́, kò sí baba kankan tó dé fìlà iṣẹ́ lórí téṣàn. Wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ọdún náà gùn fún un. Ó rù. A bá a sọ ọ́ títí.

"Zlatina, gbogbo wa la fẹ́ kó dákẹ́," ni Gatyo ń wí.

"Ẹ̀yin ò bá a ṣàdéhùn. Ó bẹ̀ mí, Gatyo. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo fi ṣíbí lù ú pa."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìdáríjì ọdún yìí ń bọ̀, Màmá Stoyna gbé àpótí pátákó kan wá sí Ilé Ìkàwé, ó gbé e ka tábìlì Zlatina. Gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ Radoy ló wà nínú rẹ̀.

"Mi ò ṣí i," ó ní. "Kò jẹ́ kí n ṣí i nígbà tó wà láyé, mi ò ní jí i ṣí báyìí. Ti ẹyẹ àkọ̀ ni kí o kà fún wa. Kà á parí."

"Màmá, kì í ṣe èmi ló yẹ."

"Ta ló tún yẹ? Ìwọ lo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìparí."

Bẹ́ẹ̀ ni Zlatina ṣe dúró láàárín gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ìwé lọ́wọ́. Gbogbo abúlé wá. Wọn ò wá bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láyé. Nevyana, tó ti di ìyá ọmọ méjì, gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ sórí itan. Lórí àga kan níwájú, ẹ̀gbẹ́ Stoyna, wọ́n gbé fìlà ọ̀gá téṣàn sí i. Zlatina ka ojú ìwé kìn-ín-ní. Ó ka ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà dára, kí á má parọ́, bóyá nítorí pé ohùn Zlatina kì í dúró láti wú ikọ́. Àwọn àkọ̀ kóra jọ, wọ́n gbéra, wọ́n gba orí òkun kọjá, wọ́n dé ibi tó móoru. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lu. Ojú gbogbo èèyàn yí sí ilẹ̀kùn, nítorí àṣà, ilẹ̀kùn ò sì ṣí.

Zlatina dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejìlá. Ó kà pé, "Báwo wá ni ẹyẹ yìí ṣe ń mọ ọ̀nà ilé? Ẹ̀yin ará mi, ìdáhùn rẹ̀ nìyí." Ó mú ìwé náà sún mọ́ ojú.

"Kà á, Zlatina," Gatyo sọ láti ẹ̀yìn. "Ibi tó dùn nìyẹn."

"Wọ́n fi pẹ́ńsùlù pupa kọ nǹkan síbí," Zlatina ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Zlatina á wọlé níbí.'"

Stoyna dìde, ó lọ sídìí àpótí, ó ṣí èyí tó jẹ́ ti oyin. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejìlá, pẹ́ńsùlù pupa: Zlatina á wọlé níbí. Ó ṣí ti iyọ̀. Bákan náà. Ti oorun, ti bọ́tìnnì, ti àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, lẹ́yìn ojú ìwé kejìlá, funfun ni ìyókù. Èyí tó jẹ́ ti ọdún yìnyín ní àfikún kékeré kan: "Kò wọlé. Ọlọ́run nìkan ló yọ mí."

Gatyo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn rẹ̀ bí omi tó fẹ́ hó, ó ní, "Ìgò oyin mi o," ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà tó fi ṣọ́bìrì wa yìnyín ń na ara wọn lẹ́jìká. Ọkàn wa balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí á sọ òótọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí ṣíbí bá dún, tí ojú sì ń tì wá pé à ń mí kanlẹ̀, a ò mọ̀ pé ẹni tó mí kanlẹ̀ jù nínú gbọ̀ngàn ló dúró síwájú wa.

Zlatina nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìwé ti ẹyẹ àkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí yàtọ̀," ó ní. "Èyí ní ojú ìwé kẹtàlá." Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Ó kà á fún wa báyìí:

"Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ń gbọ́ èyí, a jẹ́ pé Zlatina ò yára. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè mí dé ojú ìwé yìí. Mi ò mọ bí ẹyẹ àkọ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Mi ò mọ ìdí tí oyin kì í fi í kú nínú òtútù, Gatyo, àmọ́ tìrẹ dùn gan-an. Inú ìwé kejì ni gbogbo ẹ̀ wà. Bí ìwé kìn-ín-ní bá ti dé ibi tó dùn, á ní kí n lọ wo ìwé kejì, ìwé kejì sì ti wọ reluwé lọ. Ojú tì mí láti sọ fún yín. Lọ́dọọdún, bí mo bá ti dé ojú ìwé kejìlá, àyà mi á máa já, títí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Ọmọ yìí á gbà mí sílẹ̀, á tún wá fẹnu ko ọwọ́ mi, á tọrọ ìdáríjì, èmi á ṣe bí àgbà, mo dárí jì í. Ara mi ò yá lọ́dún yìí, mi ò fẹ́ gbé e lọ. Èmi ló yẹ kí n tọrọ. Zlatina, dárí jì mí. Ọkùnrin onífìlà onírun yẹn, mo dárí ji òun náà. Bóyá kò tíì kà á tán ni. Ó tó. Ọmọ mi, gbé halva wá."

Zlatina dúró síbẹ̀. Omijé ń bọ́ sórí ìwé, kò nù ún. Àwọn ọmọdé tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò yé wò ó, wọ́n wo ilẹ̀kùn, ebi sì ń pa wọ́n.

"Zlatina," Stoyna sọ jẹ́jẹ́, "baba bá ẹ sọ̀rọ̀."

Zlatina yíjú sí fìlà tó wà lórí àga. "Ọlọ́run dárí jì yín, Baba," ó ní. "Èmi náà dárí jì yín." Nígbà náà ló nu ojú, ó rìn jáde, ó sì fi ìdí ti ilẹ̀kùn padà wọlé pẹ̀lú tíréè. Ó lu ṣíbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó mí kanlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, a ti ń mí dáadáa tẹ́lẹ̀.

Gatyo so halva kọ́ àjà, ẹni mẹ́ta sì yẹ okùn rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ kóra jọ, ọwọ́ lẹ́yìn. Ibẹ̀ la ti rí i tí Màmá Stoyna, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, bọ́ ìbòrí rẹ̀, ó fi sórí fìlà ọkọ rẹ̀, ó rìn wọ àárín àwọn ọmọ náà, ó sì kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Màmá, ti ọmọdé ni," Nevyana sọ.

"Mo mọ̀. Radoy jẹ odidi kan níṣojú mi, kò ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹ sún fún mi." Ó gbójú sókè wo halva tó ń fì bọ̀ lórí òwú pupa. "Ibi tó dùn gan-an la dé yìí," ó ní, ó sì la ẹnu.